Lẹ́fúnlósùn tẹ́ ẹ ní ayé pa, oorun ló ń sùn o!

Òdòdó inú ìkòkò lè dá wàhálà sílẹ̀ nínú ilé, ẹni tírú ẹ̀ ò bá tíì ṣẹlẹ̀ sí ló máa ní irọ́ ni. Ẹ wo bó ṣe máa ń rí. Tọkọtaya kan kọ́lé sí ọ̀nà Mọ́níyà, wọ́n kó wọ ibẹ̀, ìyàwó sì ra òdòdó mẹ́ta lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á létí títì n'Ìbàdàn, ó tò wọ́n sí fàrándà. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, lẹ́fúnlósùn ló fẹ́ràn jù, ìyẹn èyí tí ewé rẹ̀ dà bíi ewé kókò, tí àárín rẹ̀ pupa, tí funfun sì ta sí i lára kẹ́kẹ́ẹ̀kẹ́. Láti oṣù kẹrin títí di oṣù kẹsàn-án, kò sí àlejò tó wọlé tí kò yìn ín. Nígbà tó di oṣù kọkànlá, ewé bẹ̀rẹ̀ sí í rọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọyẹ́ dé lóṣù Disẹ́ńbà, ewé kan ṣoṣo tó kù náà gbẹ, ó já bọ́. Ìkòkò wá ṣófo, yẹ̀pẹ̀ nìkan ló kù.

"Bàbá wọn, ẹ wá wo nǹkan," ni ìyàwó ń wí. "Mò ń bomi rin ín láàárọ̀, mò ń bomi rin ín lálẹ́. Kí ló wá pa á?"

Ọkọ ní bóyá oòrùn ni. Ìyàwó ní oòrùn wo? Ṣé oòrùn ló wọ abẹ́ òrùlé wá bá a ni? Obìnrin kan wà tó wá kí wọn lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, tó dúró síwájú òdòdó yẹn, tó ní, "Ẹ ò rí i bó ṣe ń dán!" Ọ̀dọ̀ obìnrin yẹn ni ọkàn ìyàwó lọ. Ó ní ojú tó fi wò ó kì í ṣe ojú lásán. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, wọ́n ti kó gbogbo ohun tó wà nínú ìkòkò dà sórí ààtàn lẹ́yìnkùlé, wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ àdúrà.

Àfi bó ṣe di oṣù kẹta tí òjò méjì rọ̀, tí ọmọ wọn lọ da pàǹtí nù, ló bá sáré padà wọlé: "Mọ́mì, Mọ́mì, òdòdó yín ti hù lórí ààtàn!"

Ẹni tí wọ́n ti fi sínú àdúrà látọjọ́ yìí ńkọ́? Ta ni yóò lọ bẹ̀ ẹ́? Òun alára kò kúkú mọ̀ pé wọ́n ń gbógun ti òun.

Òdòdó náà kò kú rárá, kò sì sẹ́ni tó wo ojú burúkú sí i. Ó ní iṣu nísàlẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ òdòdó tó bá ní iṣu lábẹ́ ilẹ̀, ó ní ìgbà tó máa ń kó gbogbo agbára rẹ̀ padà sínú iṣu yẹn, táá jẹ́ kí ewé òkè gbẹ, táá sì sùn. Tí ìgbà rẹ̀ bá tó, á tún jí. Àwọn tó ń ra òdòdó, tàbí fúláwà bí àwọn ará ìgboro ṣe ń pè é, kì í sábà bèèrè ohun tó wà nísàlẹ̀ ìkòkò. Ewé tó ń dán lókè ni wọ́n ń wò, òun ni wọ́n sì ń sanwó lé lórí.

Lẹ́fúnlósùn yìí, orúkọ rẹ̀ ti ṣàlàyé ara rẹ̀: ó ní ẹfun, ó ní osùn. Caladium ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti gúúsù ló ti wá, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀gẹ́ náà ṣe ti ibẹ̀ wá, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa débi pé ó ti gba orúkọ Yorùbá, ó sì ti ń dá hù lábẹ́ igi nínú oko. Ẹbí kan náà ni òun àti kókò tí à ń jẹ. Ní ìpínlẹ̀ Florida lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ìlú kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní Lake Placid, iṣu lẹ́fúnlósùn ni wọ́n ń gbìn níbẹ̀ tí wọ́n ń tà káàkiri ayé. Wọ́n tilẹ̀ ń ṣe ọdún rẹ̀ lọ́dọọdún. Àwa tó ń hù fún lọ́fẹ̀ẹ́ ló ń kó o dà sórí ààtàn.

Ohun tó sì fẹ́ pani lẹ́rìn-ín nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé àwọn tí nǹkan yìí ń ṣẹlẹ̀ sí, àárín àwọn tó mọ̀ ọ́n jù lọ ni wọ́n ń gbé. Ìbàdàn ti fẹ̀ gan-an. Ẹni tí kò bá rí ilẹ̀ rà mọ́ nígboro, Akóbọ̀ nílẹ̀ Lágelú ló ń lọ, tàbí Olódó nílẹ̀ Ẹgbẹ́dá, tàbí Àmúlókò lọ́nà Àkànrán nílẹ̀ Ọ̀nà-Àrà. Ní ti Akínyẹlé, látìgbà tí ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2021, tó sì jẹ́ pé Mọ́níyà ló ń dúró sí, ilé ń yọ níbẹ̀ bí olú. Ilẹ̀ tí wọ́n kọ́ ilé sí yìí, oko iṣu, oko ẹ̀gẹ́ àti oko kòkó ló jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀, àgbẹ̀ ṣì ń kọ ebè lẹ́yìn ògiri ọ̀gá báńkì.

Ká ní onílé yẹn na ọrùn sẹ́yìn ògiri, kó ní, "Ẹ kú oko o, bàbá, àrokobọ́dúndé!" kó wá bi bàbá náà pé ṣé iṣu tí kò bá hù lóṣù kìíní ti kú ni, ẹ̀rín ni bàbá á kọ́kọ́ fi dá a lóhùn. Yóò ní, "Ọmọ mi, iṣu tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wa, ṣé o fẹ́ kó hù lónìí ni? Jẹ́ kó sùn." Kò sí àgbẹ̀ iṣu tí kò mọ èyí. Iṣu tí wọ́n bá wa, bí ẹ gbìn ín lójú ẹsẹ̀, bí ẹ da odò kan lé e lórí, kò ní hù. Ó gbọ́dọ̀ sinmi oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin kó tó yọ ojú, bí irú iṣu náà bá ṣe rí. Àwọn kan tilẹ̀ máa ń gbin èèbù wọn sínú ebè láti Nòfẹ́ńbà, wọ́n á kó koríko lé ebè lórí kí oòrùn má baà sè é, wọ́n á sì máa ṣe iṣẹ́ mìíràn lọ. Òjò Máàṣì tàbí Épírì ló máa jí i. Ohun kan náà ni lẹ́fúnlósùn ń ṣe nínú ìkòkò.

Nítorí náà, nígbà tí ewé bá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ lẹ́yìn tí òjò ti lọ, omi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dín kù. Kẹ́ ẹ má ṣe já ewé tó bá ṣì tutù, nítorí oúnjẹ tó wà lára rẹ̀ ló ń padà sínú iṣu. Tí gbogbo rẹ̀ bá gbẹ tán, kí omi dúró pátápátá. Ẹni tó bá fẹ́ lè gbé ìkòkò náà sí kọ̀rọ̀ kan tí òjò tàbí omi ìfọṣọ ò ti ní dé ibẹ̀, kó gbàgbé rẹ̀ títí di oṣù kẹta. Ẹni tó bá fẹ́ lo ìkòkò fún nǹkan mìíràn lè wa iṣu náà jáde, kó gbọn yẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀ dànù, kó sá a sábẹ́ ibòji fún bí ọ̀sẹ̀ kan, kó wá kó o sínú iyanrìn gbígbẹ tàbí ìyẹ̀fun pákó, irú èyí tí wọ́n ń kó ní sọ́míìlì. Kó má dì í sínú ọ̀rá tí wọ́n so lẹ́nu pa, nítorí ooru inú rẹ̀ á jẹ́ kó rà. Kó má sì kó o sínú fíríìjì. Àwọn kan rò pé ibi tó tutù ló dáa fún nǹkan tó ń sùn. Rárá o, ọmọ ilẹ̀ olóoru ni lẹ́fúnlósùn, òtútù fíríìjì á pa á gẹ́gẹ́ bó ṣe ń ba iṣu jẹ́.

Ní ti omi, ibẹ̀ gan-an ni gbogbo ìṣòro ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó tó ń bomi rin ín láàárọ̀ àti lálẹ́ yẹn, ká ní kò kó o dà sórí ààtàn, bóyá kò bá má hù mọ́ láéláé. Iṣu tó ń sùn kì í mu omi. Omi tẹ́ ẹ bá dà sí i lórí, ara rẹ̀ ló máa dúró sí, ara yóò rọ̀, yóò máa rùn, tẹ́ ẹ bá sì fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ báyìí, ọwọ́ á wọlé. Ìfẹ́ ló ń pa òdòdó oníṣu ju ọ̀dá lọ.

Kódà nígbà òjò tó ń hu ewé, omi lè pa á tí ìkòkò kò bá ní ihò nísàlẹ̀. Ẹ lọ wo àwọn ìkòkò ẹlẹ́wà tí wọ́n ń tà lọ́jà, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní ihò, nítorí pé ẹni tó ṣe é ò fẹ́ kí omi ba kápẹ́ẹ̀tì jẹ́. Kẹ́ ẹ fi ìṣó gbígbóná lu ihò mẹ́ta mẹ́rin sí i tó bá jẹ́ ike. Abọ́ tẹ́ ẹ bá gbé sábẹ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ máa da omi inú rẹ̀ nù, nítorí yàtọ̀ sí pé ó ń jẹ́ kí iṣu rà, ẹ̀fọn ń yé ẹyin sí i. Ìka ọwọ́ ni òṣùwọ̀n tó dáa jù. Ẹ ki ìka bọ yẹ̀pẹ̀ títí dé oríkèé àkọ́kọ́. Tó bá ṣì tutù níbẹ̀, ẹ fi omi yín sílẹ̀. Tó bá ti gbẹ, ẹ bomi rin ín dáadáa kó sì jò jáde lábẹ́.

Yẹ̀pẹ̀ náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Àwọn kan á lọ bu amọ̀ níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ sọ́káwéè, wọ́n á kì í mọ́nú ìkòkò bí ẹni ń mọ ilé. Amọ̀ kì í jẹ́ kí omi lọ. Ilẹ̀dú ló yẹ, kí wọ́n po iyanrìn odò díẹ̀ mọ́ ọn àti ajílẹ̀ tó ti jẹrà kanlẹ̀. Ní Lágelú àti Ẹgbẹ́dá níbi tí àwọn tó ń sin adìyẹ pọ̀ sí, ìgbẹ́ adìyẹ kò wọ́n, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá kó o ní tútù síbẹ̀, á jó gbòǹgbò bí ẹni da omi gbígbóná sí i ni. Kí wọ́n jẹ́ kó wà nílẹ̀ fún oṣù mélòó kan, kó dúdú, kó má rùn mọ́, kí wọ́n tó lò ó.

Ọ̀rọ̀ omi yìí náà ló ń pa òdòdó kan tó wà ní ọ́fíìsì káàkiri báyìí, èyí tí wọ́n ń pè ní ZZ. Ewé rẹ̀ nípọn, ó ń dán bí ẹni fi òróró pa á, ó sì tò sára igi rẹ̀ ní méjì méjì. Ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ni, ìlà oòrùn lọ́hùn-ún, láti Kẹ́ńyà títí dé South Africa. Àwọn ará Họ́láńdì ló sọ ọ́ di ọjà ńlá láti nǹkan bí ọdún 1996, òun náà ló wá padà bọ̀ sọ́dọ̀ wa gẹ́gẹ́ bí òdòdó òyìnbó! Ẹ hú u wò, ẹ máa rí iṣu tó dà bí ànàmọ́ lábẹ́ rẹ̀. Omi ló kó pamọ́ síbẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ti tó o. Ṣùgbọ́n ní ọ́fíìsì, akọ̀wé á bomi sí i, ẹni tó ń gbálẹ̀ á bomi sí i, ọ̀gá náà tó ń ti ìpàdé bọ̀ á da omi tó mu kù sí i. Lọ́jọ́ tí ewé bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, wọ́n á ní òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́, wọ́n á tún bomi sí i!

Ẹni tó bá rí i pé iṣu òdòdó òun ti ń rà kò gbọdọ̀ sọ̀rètí nù lójú ẹsẹ̀. Kó yọ ọ́ jáde, kó fi ọ̀bẹ mímọ́ gé gbogbo ibi tó ti rọ̀ dànù títí tó fi máa kan ibi tó le. Ọ̀bẹ yẹn, kó nù ún kó tó tún fi gé òmíràn. Lẹ́yìn náà, ohun tí àwọn àgbẹ̀ iṣu ń ṣe fún èèbù ni kóun náà ṣe: kó fi eérú igi pa ojú ibi tó gé, kó sá a sábẹ́ ibòji fún ọjọ́ kan tàbí méjì kí ojú ọgbẹ́ náà gbẹ, kó tó gbìn ín padà sínú yẹ̀pẹ̀ tuntun.

Ọ̀nà yìí kan náà ni wọ́n fi ń sọ ìkòkò kan di márùn-ún. Iṣu lẹ́fúnlósùn ní ojú, gẹ́gẹ́ bí orí iṣu ṣe ní ojú tó ń yọ. Bí ojú bá mẹ́ta lára rẹ̀, èèbù mẹ́ta nìyẹn. Nílé iṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn IITA, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1967 lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ nílẹ̀ Akínyẹlé, àwọn onímọ̀ ti ṣiṣẹ́ púpọ̀ lórí bí wọ́n ṣe lè gé iṣu wẹ́wẹ́, kí kálukú má wọ̀n ju gíráàmù mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sí àádọ́ta lọ, kí wọ́n fi oògùn tàbí eérú pa á, kó sì di odidi iṣu èèbù. Ohun tó wà fún oúnjẹ wà fún òdòdó náà. Kẹ́ ẹ gbìn ín kó má jìn ju ìka méjì lọ, kí ojú rẹ̀ kọjú sókè, àsìkò rẹ̀ sì ni ìgbà tí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ lóṣù kẹrin. Ti ZZ tiẹ̀ rọrùn jùyẹn lọ: ewé kan ṣoṣo tẹ́ ẹ bá já, tẹ́ ẹ ki ìdí rẹ̀ bọ yẹ̀pẹ̀, á ta gbòǹgbò, á sì ní iṣu kékeré tirẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń gba oṣù púpọ̀. Aláìnísùúrù kò gbọdọ̀ dán an wò.

Ní ti oòrùn, ọmọ abẹ́ igi ni lẹ́fúnlósùn. Oòrùn ọ̀sán tó ń bọ́ lára páànù tàbí lára ògiri á jó ewé rẹ̀ di pépà, pàápàá èyí tí funfun rẹ̀ pọ̀. Oòrùn àárọ̀ díẹ̀ dáa fún un. Tẹ́ ẹ bá sì gbé e sínú pálọ̀ tí kò ní ìmọ́lẹ̀, igi ewé á gùn jàgànjàgàn, á wá máa dojú kọ fèrèsé bí ẹni ń wá ọ̀nà àtisá lọ. Nígbà míì yóò yọ òdòdó gan-an alára, ohun funfun kan tó ká bí ìwé tí wọ́n fi ń di ẹ̀pà. Kò lẹ́wà kan lọ títí. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbìn ín fún títà máa ń gé e dànù, kó má baà gba oúnjẹ mọ́ ewé àti iṣu lọ́wọ́.

Kòkòrò kan wà tó máa ń bo ìdí ewé, funfun ni, ó dà bí òwú tí wọ́n fi ń tọ́jú ọgbẹ́. Ẹni tó bá rí i tí èèrà ń lọ tí ń bọ̀ lára ìkòkò, kó yẹ abẹ́ ewé wò dáadáa, nítorí èèrà máa ń lá omi dídùn tí kòkòrò yìí ń sun, òun ló sì ń ṣọ́ ọ. Àwọn àgbẹ̀ tó ti dàgbà lágbègbè yìí kò ní gbàgbé ìbátan kòkòrò yìí tó jẹ ẹ̀gẹ́ run. Láti Amẹ́ríkà ti gúúsù lòun náà ti wọlé, orílẹ̀-èdè Congo ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i nílẹ̀ Áfíríkà lọ́dún 1973, kò sì pẹ́ tó fi ràn káàkiri. IITA n'Ìbàdàn níbí ni wọ́n ti gbógun tì í. Hans Herren, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, ló ṣáájú iṣẹ́ náà. Wọ́n lọ wá agbọ́n kékeré kan, èyí tí ojú lásán fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí, láti Paraguay. Ara kòkòrò yẹn ni agbọ́n náà ń yé ẹyin sí, ọmọ rẹ̀ á sì jẹ ẹ́ láti inú. Ọdún 1981 ni wọ́n kọ́kọ́ tú u sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ẹ̀gẹ́ sì padà di ẹ̀gẹ́. Lọ́dún 1995, wọ́n fún Herren ní ẹ̀bùn oúnjẹ àgbáyé tí wọ́n ń pè ní World Food Prize. Ti inú ìkòkò kò nílò agbọ́n. Aṣọ tí wọ́n rẹ sínú omi ọṣẹ ni kí wọ́n fi nù ún, kí wọ́n tún un ṣe lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún, kí wọ́n sì gbé ìkòkò yẹn kúrò láàárín àwọn yòókù.

Tí gbòǹgbò bá ní kókó wúruwùru, aràn inú ilẹ̀ ni. Àwọn onílé iṣẹ́ ńláńlá máa ń rẹ iṣu tó ń sùn sínú omi tó gbóná tó àádọ́ta dígíríì fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láti pa á. Ẹni tí kò bá ní ohun tó ń wọn ooru omi, kó má dán an wò, ọbẹ̀ ni yóò fi sè. Kó kó yẹ̀pẹ̀ yẹn dànù, kó fọ ìkòkò, kó sì wá iṣu mìíràn. Ẹni tó bá ní ìbéèrè tó jù báyìí lọ lè kàn sí NIHORT ní Ìdí-Ìṣìn, ilé iṣẹ́ ìwádìí èso, ẹ̀fọ́ àti òdòdó tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ lọ́dún 1975.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹbí ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n má kó cyclamen ránṣẹ́ wá mọ́. Òdòdó náà rẹwà, òun náà ní iṣu, ṣùgbọ́n òtútù lòun fẹ́, nígbà ooru ló máa ń sùn. Tó bá dé Àmúlókò tàbí Lálúpọn, á kàn sùn lọ fọnfọn ni. Yàtọ̀ síyẹn, òfin ò gbà kí èèyàn ki iṣu òdòdó bọ àpò wọ orílẹ̀-èdè yìí láìní ìwé àyẹ̀wò, torí àìsàn ewéko àti kòkòrò.

Gbogbo èyí, bí òdòdó bá kú, òdòdó náà ló kú. Ibì kan wà tí ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ti òdòdó, ibẹ̀ ló yẹ kí àwọn òbí ti fetí sílẹ̀ dáadáa. Lẹ́fúnlósùn kì í ṣe ohun tí à ń jẹ. Inú ewé rẹ̀ àti iṣu rẹ̀ kún fún nǹkan wínníwínní tó mú bí abẹ́rẹ́. Ohun tó ń mú kí kókò tí kò jinná máa yún èèyàn lọ́fun náà ni, ṣùgbọ́n ti lẹ́fúnlósùn kọjá bẹ́ẹ̀, sísè kò sì sọ ọ́ di oúnjẹ. Ọmọ tó bá rún ewé rẹ̀, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ lẹnu á máa ta á, ètè àti ahọ́n á wú, itọ́ á máa dà. Tí wíwú náà bá dé ọ̀fun, èémí lè di ìṣòro. ZZ náà ní irú rẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ìyá máa ń ṣe lójú ẹsẹ̀ ni pé kí wọ́n bu epo pupa sí ọmọ lẹ́nu. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é. Epo kò lè fa abẹ́rẹ́ wọ̀nyẹn yọ. Ọmọ tó ń ké, tí ọ̀fun rẹ̀ ń wú, epo lè gba ọ̀nà èémí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, ìyẹn á sì burú ju ewé tó jẹ lọ. Ẹ má sì ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lọ́fun pé kó bì. Kẹ́ ẹ fi aṣọ tútù nu ẹnu rẹ̀ mọ́, kẹ́ ẹ jẹ́ kó fi omi yọ ẹnu tó bá ti dàgbà tó láti tu omi dànù, kẹ́ ẹ fún un ní omi tútù tàbí mílíìkì mu díẹ̀díẹ̀. Tí kò bá lè gbé nǹkan mì, tí ohùn rẹ̀ há, tàbí tí èémí rẹ̀ ń dún, ọsibítù ni lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ sì mú ewé náà dání kí dókítà lè rí i.

Èyí tó tún burú jùyẹn lọ ni òdòdó kan tó ń fà mọ́ igi, ẹnu ewé rẹ̀ gan-an ló fi ń di igi mú. Òdòdó rẹ̀ pupa, etí rẹ̀ pọ́n, ó ká sẹ́yìn bí ọwọ́ iná. Gloriosa ni wọ́n ń pè é. Ó ń hù nínú igbó ilẹ̀ Nàìjíríà, àwọn ẹlẹ́wà sì ń gbìn ín sílé. Òun ni òdòdó orílẹ̀-èdè Zimbabwe. Nígbà tí Ọbabìnrin Elizabeth pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógún lọ́dún 1947, góòlù àyà onídáyámọ́ńdì tí wọ́n ṣe bí òdòdó yìí ni wọ́n fi ta á lọ́rẹ láti ilẹ̀ náà. Ẹwà ò tán níbẹ̀, ṣùgbọ́n oró tó ń jẹ́ colchicine ló wà nínú rẹ̀, pàápàá jù lọ nínú iṣu rẹ̀. Àwọn oníṣègùn máa ń fi ìwọ̀nba kíún rẹ̀ ṣe oògùn oríkèé ríro. Tó bá ju kíún yẹn lọ, èébì àti ìgbẹ́ gbuuru á bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, lẹ́yìn náà ni ẹ̀yà ara á máa dáṣẹ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó jẹ ẹ́ kò gbọdọ̀ dúró kí inú kọ́kọ́ máa run ún kó tó lọ sí ọsibítù. Nílẹ̀ India àti Sri Lanka, àwọn kan ti kú nítorí pé wọ́n rò pé iṣu jíjẹ tàbí ànàmọ́ ni.

Àwọn àgbàlagbà tó mọ gúdúgúdú yàtọ̀ sí iṣu kò ní ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ọmọ ọ̀dọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wá sílé ńkọ́, tó rí nǹkan tó jọ ọmọ kókò nínú iyanrìn lábẹ́ àtẹ̀gùn lóṣù kejì, tí ọ̀gá rẹ̀ sì ti lọ síbi iṣẹ́? Ẹni tó bá wa iṣu òdòdó rẹ̀ pamọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kò gbọdọ̀ kó o sí ilé ìdáná tàbí ẹ̀gbẹ́ àpò gàrí. Kó gbé e sókè níbi tí ọwọ́ ọmọdé ò tó, kó pe gbogbo ará ilé kó fi hàn wọ́n, kó sì fi bírò kọ ọ́ gàdàgbà sára páálí rẹ̀: ÒDÒDÓ NI, A KÌ Í JẸ Ẹ́.